Ilé Òkúta Bàbá Mi ní Quercy

Ní mọ́sáláṣí wa ní Peckham, Alhaji Onítìróò ni àwọn àgbà ń pe bàbá mi. Kì í ṣe òun ló ń lé tìróò o, àgùntàn ni. Ó sọ fún wọn nígbà kan pé òun ti bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ rí ní ìgbèríko Faransé, pé àwọn àgùntàn ibẹ̀ lé tìróò, pé dúdú yí ojú wọn po lára irun funfun bí ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ré bọ́ lórí àga. Láti ọjọ́ náà, bí Iléyá bá ti ń sún mọ́, ẹnì kan á ṣáà bi í bóyá àgbò tiẹ̀ ti kun àtíkè tán.

Ìtàn Faransé yìí ni mo gbọ́ dàgbà. Bàbá mi wá kàwé sí London nígbà tí èèyàn ṣì ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó. Nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn kan, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mélòó kan lọ sí agbègbè kan tí wọ́n ń pè ní Quercy, ní apá gúúsù Faransé, láti bá àwọn àgbẹ̀ kórè. Ohun tó rí níbẹ̀ kò tán lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ní odò kan ń ṣàn nínú ilẹ̀ níbẹ̀, pé èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, á sì wọ ọkọ̀ lórí rẹ̀. Ó ní àwọn ẹyẹlé ibẹ̀ ní ilé gogoro tiwọn, tó dára ju yàrá tí òun ń háyà ní Deptford lọ. Ó ní ihò àpáta kan wà tí àwọn ará àtijọ́ ya ẹṣin sí lára ògiri rẹ̀, ẹṣin tó ní àmì tótòtó lára, tí wọ́n sì fi àpẹẹrẹ ọwọ́ ara wọn sílẹ̀ síbẹ̀.

Paríparí gbogbo rẹ̀ ni ilé òkúta. Ó ní òun àti àgbẹ̀ tó gba òun sílé fi òkúta tí wọ́n ṣà nínú oko kọ́ ilé kékeré kan, kò sí amọ̀, kò sí símẹ́ńtì, kò sí igi kan lórí rẹ̀, òkúta lásán láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé. Àgbẹ̀ náà rí i pé inú oòrùn ló ti ń kírun, ó ní kí ó ṣe àyè kan fún ara rẹ̀ sára ògiri ilé náà. Bàbá mi bá ṣe àyè kékeré kan, irú èyí tí lèmọ́mù máa ń kọjú sí ní mọ́sáláṣí, láti fi mọ kíbílà, apá ibi tí Mẹ́kà wà. Ibẹ̀ ló ti kírun títí ìsinmi fi parí.

Bí mo bá to àwo jọ tí kò dúró dáadáa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi á ní, "Ọ̀kan lórí méjì, méjì lórí ọ̀kan." Bí àgbẹ̀ yẹn ṣe kọ́ ọ láti máa to òkúta nìyẹn, kí ojú àlàfo kankan má bàa bọ́ sórí ara wọn. Nítorí náà, ní tèmi, mo máa ń gbà á gbọ́ lọ́jọ́ Sátidé, tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, mo ti tún ń ṣiyèméjì. Ẹnu bàbá mi dùn jù. Ó lè sọ ìtàn bó ṣe lọ ra búrẹ́dì ní Rye Lane kí òógùn máa bò ọ́.

Ẹni tí kò gbà á gbọ́ rárá ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tí àwọn méjèèjì jọ wọ ọkọ̀ kan náà wá láti Èkó. Akọ̀wé ni bàbá yìí títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tí kì í yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí sààfù, ìlà tí a tò sí láti kírun, bá wọ́ bíńtín, òun ló máa tún un ṣe. Ó ti sọ fún bàbá mi lójú gbogbo èèyàn pé, "Alhaji, ọjọ́ tí mo bá rí ilé yẹn ni màá gbà." Bàbá mi rẹ́rìn-ín nígbà náà, àmọ́ mo mọ ẹ̀rín bàbá mi. Ìyẹn kò dé ọ̀fun.

Ìgbà tó wá yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ojú ní Lewisham fi sùúrù ṣàlàyé fún wa pé èyí tó kù nínú ìríran rẹ̀ ń lọ, kò sì ní pẹ́ lọ tán. A wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Nígbà tí a dé New Cross, ó yíjú sí mi.

"Mo fẹ́ lọ wo ilé yẹn," ó ní.

"Ilé wo, Daddy?"

"Ilé òkúta. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i kí ojú náà tó ti ilẹ̀kùn. Ìwọ á sì bá mi ya fọ́tò rẹ̀, kí n lọ fi hàn wọ́n ní mọ́sáláṣí. N ò fẹ́ kú sípò òpùrọ́."

Inú mi kì í pẹ́ bí, kì í sì í pẹ́ dùn. Nọ́ọ̀sì ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sún ohun tí ọkàn wọn fẹ́ síwájú títí ara fi kọ̀. Kí bọ́ọ̀sì tó dé Peckham, mo ti ń wo tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù. Mo sọ fún un pé, "Daddy, holiday tó ti wù mí láti ọjọ́ yìí nìyí. Ẹ lọ múra." Inú mi ń dùn bí ti ọmọdé tí wọ́n fẹ́ mú lọ wo òkun.

A wọ rélùwéè tó gba abẹ́ òkun kọjá, a tún wọ òmíràn ní Paris, lẹ́yìn náà mo háyà mọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí nípa wíwa ọkọ̀ lápá ọ̀tún. Gbogbo ará Faransé ló fọn fèrè mọ́tò fún mi, èmi náà fọn ún padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ àfonífojì odò Lot, mo gbàgbé ìbínú. Odò náà ń ká lọ ká bọ̀ lábẹ́ òkúta funfun tó ga fíofío, ilé sì so mọ́ ara òkúta náà débi tí mo fi ń ronú bí wọ́n ṣe ń gbé sìlíńdà gáàsì dé orí ibẹ̀. Létí odò, igi àsálà òyìnbó tò lọ bẹẹrẹ, ilẹ̀ tútù, ewéko ń dán. A wá gun òkè, gbogbo nǹkan yí padà lójijì. Orí òkè tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni, òkúta nìṣó, igi kúkúrú kúkúrú, òórùn ewé gbígbẹ, àti ògiri òkúta tí kò ní símẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ọ̀nà. Ní ibì kan ilẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Mo ń sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi bí mo ṣe ń wakọ̀, torí pé ohun tó wà nítòsí nìkan ló ń rí.

Mo ya kọ̀nà kan, mo tẹ bíréèkì gì.

Àwọn àgùntàn ló ń kọjá. Wọ́n pọ̀, wọ́n funfun, gbogbo wọn pátá ló lé tìróò. Ojú dúdú roboto, etí dúdú, wọ́n ń wò mí bí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó tí mọ́tò mi dí lọ́nà. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo bọ́ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú títì.

"Kí ló dé?" bàbá mi ń béèrè nínú mọ́tò. "Kí lo rí?"

"Daddy, wọ́n lé e. Wọ́n lé tìróò, gbogbo wọn."

Bàbá mi fẹ̀yìn ti àga. Ó ní, "Mo sọ fún yín." Ọ̀kan nínú wọn sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó sì kí i ní Faransé.

Láti ìgbà náà, n kò lè jókòó sójú kan mọ́. Mo fẹ́ rí gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ láti kékeré. Mo rí ilé ẹyẹlé, gogoro òkúta tó ní òrùlé ṣóńṣó, tó dára lóòótọ́ ju yàrá ẹnikẹ́ni ní Deptford lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ wọ ihò ńlá kan, mo bá odò nísàlẹ̀, mo wọ ọkọ̀ lórí rẹ̀, òkè dúdú lórí mi, omi mọ́ gaara lábẹ́ mi. Bàbá mi dúró dè mí lókè, nítorí orúnkún rẹ̀. Mo sáré gòkè wá jíṣẹ́ fún un pé odò náà kò tíì gbẹ. Mo wọ inú ihò àpáta kejì, mo rí àwọn ẹṣin alámì tótòtó, mo sì rí ọwọ́ èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọwọ́ gidi, ìka márùn-ún. Ẹni tó ní ọwọ́ yẹn ti kú kí wọ́n tó dá ìlú kankan tí mo mọ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé ó ń juwọ́ sí mi. Mo sunkún níbẹ̀, n kò sì tijú.

Kò sí irọ́ kankan nínú gbogbo rẹ̀. Ilé òkúta ló wá kù. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí nígbà náà, torí pé odò àti àgùntàn kì í ṣe ti bàbá mi. Ẹnikẹ́ni tó ti débẹ̀ rí ló lè sọ̀rọ̀ wọn. Ilé yẹn nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ wà lára.

Bàbá mi rántí orúkọ abúlé náà, a sì kọ́kọ́ yà síbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Mo wọlé, mo nàka sí búrẹ́dì tí mo fẹ́. Obìnrin tó ń tà á wò mí, ó ní, "Bonjour." Mo tún nàka. Ó ní, "Bonjour," ohùn rẹ̀ le díẹ̀ sí i. Ó wá yé mi pé bí mo bá dúró títí di alẹ́, n kò ní rí búrẹ́dì rà bí n kò bá kí i. Bàbá mi ti ẹnu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo kọ́ ẹ nílé. Rye Lane ló gbà á lọ́wọ́ ẹ." Òun fúnra rẹ̀ ṣí fìlà, ó kí obìnrin náà, ó kí ọkọ rẹ̀ tó wà nídìí ààrò, ó kí arúgbó tó jókòó sí kọ̀rọ̀. Kí a tó jáde, wọ́n ti fóònù obìnrin kan tó ń sin àgùntàn, ọmọ ọmọ àgbẹ̀ tí bàbá mi ń wí.

Obìnrin náà lè jẹ́ ẹni àádọ́ta ọdún, bàtà oko wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó ní bàbá àgbà òun ti kú kí wọ́n tó bí òun, òun kò gbọ́ ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú kankan rí. Nípa ilé òkúta, ó na ọwọ́ yí gbogbo orí òkè ká. Ó ní wọ́n pọ̀ bí olú. Gbogbo àgbẹ̀ ló kọ́ tiwọn nígbà náà, fún òjò àti oòrùn.

Ó gbé wa kiri nínú mọ́tò oko rẹ̀. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, bàbá mi á fọwọ́ ra ògiri, á mi orí. Ọ̀kan ṣe roboto, èyí tó kọ́ ní igun. Òmíràn sì kéré jù. Oòrùn mú, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ó bi mí nígbà kan, "Ṣé wọn ò tíì wó o?"  Obìnrin náà ní ó ku ẹyọ kan, ní ẹ̀gbẹ́ igbó, àmọ́ ẹ̀gún ti bò ó.

A fi bàbá mi sórí òkúta kan níta. Èmi àti obìnrin náà fi igi ti ẹ̀gún sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wọlé. Inú rẹ̀ tutù. Igun mẹ́rin ló ní, òrùlé rẹ̀ sì ń kéré sí i bó ṣe ń ga lọ, títí òkúta kan ṣoṣo fi dé e lórí. Ní ìsàlẹ̀ ògiri kan, níbi tí ojú ẹni tó bá jókòó lè dé, mo rí àyè kékeré kan. Òkúta méjì fara ti ara wọn lókè rẹ̀, ó ṣe ṣóńṣó.  Mo fa fóònù mi yọ, èyí tó máa ń pèrun fún mi tó sì máa ń fi kíbílà hàn, mo gbé e síwájú àyè náà.

Ọfà orí fóònù yà sí ọ̀tún. Ó yà gan-an, ó tọ́ka sí ògiri lásán. Mo gbọn fóònù, mo jáde, mo tún wọlé. Ibì kan náà ló ń tọ́ka sí. Obìnrin náà ní bóyá fìtílà ni àwọn darandaran máa ń gbé síbẹ̀, torí ó ti rí irú ẹ̀ níbòmíràn.

Mo fẹ́ parọ́ fún bàbá mi. Mo ti ń to irọ́ náà jọ lẹ́nu bí mo ṣe ń jáde lọ bá a.

"Ó wà níbẹ̀?" ó béèrè.

"Àyè kan wà níbẹ̀, Daddy. Ṣùgbọ́n kò kọjú sí kíbílà. Compass ò gbà."

"Ibo ló kọjú sí?"

Mo wo oòrùn, mo ṣírò rẹ̀. "Bí ẹni ń lọ síbi tí oòrùn ti ń yọ, ó wá yà sí òsì díẹ̀."

 Bàbá mi na ọwọ́ sí mi. "Mú mi wọlé."

Ó kúnlẹ̀ síwájú àyè náà pẹ̀lú ìnira. Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú àlàfo àwọn òkúta lọ, ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́ pé ọ̀kan lórí méjì, méjì lórí ọ̀kan. Ó wá ti apá rẹ̀ bọ inú àyè náà, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ dúró rẹ́gí lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ̀n apá mi ni mo fi ṣe é." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Báwo ni wọ́n ṣe kọ́ wa nílé? Kọjú sí ìyọ oòrùn, yà sí òsì díẹ̀. Bí mọ́sáláṣí wa l'Ékòó ṣe kọjú nìyẹn. Mo sọdá òkun ńlá, mo wá síbí, mo tún kọjú bẹ́ẹ̀. Mo rò pé kò sí ibi tí èèyàn dé tí Mẹ́kà ò ní wà ní apá òsì ìyọ oòrùn."

Ìgbà náà ló yé mi. Láti Èkó, Mẹ́kà wà ní òsì ìyọ oòrùn lóòótọ́. Láti Quercy, ọ̀tún ló wà. Kò sí darandaran Faransé tó máa ṣe irú àṣìṣe yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó dàgbà síbẹ̀ kò lè ṣe é. Ọmọ Èkó tó gbé mọ́sáláṣí àdúgbò rẹ̀ sórí wá nìkan ló lè ṣì í bẹ́ẹ̀. Mo dì mọ́ bàbá mi nínú eruku yẹn, mo sì pariwo. Obìnrin náà yọjú wò wá bóyá ejò ló wọlé.

Nígbà tí ara wa balẹ̀, bàbá mi gbé ọwọ́ lé àyè náà. "Gbogbo ìrun ẹ̀ẹ̀rùn yẹn," ó ní.

"Daddy, Ọlọ́run mọ ibi tí ọkàn yín kọjú sí."

"Ọlọ́run mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?"

Ohun tí n kò tíì rò nìyẹn. Fọ́tò tó máa fi hàn pé kì í ṣe òpùrọ́ ni yóò fi hàn pé ó ṣìrun, lójú ẹni tó ń tún sààfù ṣe fún gbogbo èèyàn. Mo ní ká ya ìta ilé náà nìkan. Ó ní rárá, kí a ya àyè náà, kí fóònù mi sì wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọfà tó yà. Obìnrin náà ló fi fóònù tirẹ̀ yà á fún wa, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́yìn náà ó bu omi wá nínú mọ́tò, bàbá mi ṣe àlùwàlá, a kírun Àsárì níbẹ̀, a kọjú síbi tí ọfà wí, àyè kékeré náà sì wà lápá òsì wa.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí a padà dé, mo mú un lọ sí mọ́sáláṣí. Lẹ́yìn ìrun, àwọn àgbà jókòó bí ìṣe wọn. Mo fi àgùntàn hàn wọ́n lórí fóònù, ariwo sọ. Mo fi odò hàn wọ́n. Mo wá gbé fọ́tò àyè náà fún ọ̀rẹ́ bàbá mi. Ó pa awò ojú rẹ̀ dà, ó gbé fóònù sún mọ́ imú.

"Ọfà yà sí ọ̀tún," ó ní. "Alhaji, àyè yìí ṣì kíbílà."

Gbogbo wọn dákẹ́ de ẹ̀rín. 

"Ó ṣì í," bàbá mi ní. "Bí mọ́sáláṣí ilé ṣe kọjú ni mo ṣe é."

 Bàbá yẹn tún wo fọ́tò náà, ó sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, "Yàrá tí mo kọ́kọ́ gbà ní Deptford, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo tẹ́ ẹní mi sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lèmi náà kọjú. Mo ṣe é pẹ́ kí ẹnì kan tó là mí lójú. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí."

Bàbá mi yí ojú síbi tí ohùn ti wá. Ojú náà ti ṣú nígbà náà, òjìji nìkan ló ń rí.

"Ṣé o rí i?" ó béèrè.

"Mo rí i," ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáhùn. Ó gbé fóònù mi sókè, ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ sún mọ́bí. Ẹ wá wo mọ́sáláṣí tí ọ̀rẹ́ mi kọ́."